Tí Òrùlé Boxster Àtijọ́ Bá Kọ̀ Láti Ṣí: Bí Ẹ Ṣe Lè Wá Ibi Tí Àrùn Wà

Kí ẹ tó ra mọ́tò òrùlé tuntun, ìyẹn ẹ̀rọ iná tó ń ká òrùlé aṣọ, fún ọkọ̀ Boxster yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù ná. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i pé wọ́n yọ mọ́tò tó ṣì gbádùn dànù, tí wọ́n fi òmíràn sí i, tí òrùlé kò sì mira síbẹ̀. Porsche Boxster àkọ́kọ́, èyí tí àwọn tó ń tún un ṣe ń pè ní 986, jáde láti ọdún 1996 títí dé 2004. Èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú wọn ti lé ní ogún ọdún. Mọ́tò tó ń ká òrùlé rẹ̀ lágbára gan-an. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ dáṣẹ́ sílẹ̀ ni àwọn nǹkan kéékèèké tó yí i ká: rọ́bà tó ti gbẹ, wáyà tó ti jẹ lẹ́nu, súwìṣì tí ìdọ̀tí ti wọ̀, àti omi òjò tí kò rí ọ̀nà jáde.

Bí òrùlé náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí ẹni tí kò mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ṣe ni yóò kàn máa yọ nǹkan láìmọ̀dí. Òrùlé 986 kì í lo ọ́ìlì bíi ti Mercedes SL ayé ìgbà yẹn, tó ní pọ́ńpù àti páìpù káàkiri. Mọ́tò iná kan ṣoṣo ló wà láàárín gbùngbùn lẹ́yìn ìjókòó, lábẹ́ ìdérí ẹ̀yìn tí òrùlé ń ká sí. Wáyà yíyí méjì jáde lára mọ́tò náà, ọ̀kan lọ sí apá òsì, ọ̀kan lọ sí apá ọ̀tún. Bí wáyà mítà ọ̀kadà ni wọ́n rí: irin tó rọ̀, tó ń yí nínú awọ rọ́bà. Níbi tí wáyà kọ̀ọ̀kan parí sí, àpótí jíà kékeré kan wà níbẹ̀. Jíà yìí ló ń gbé ìdérí ẹ̀yìn sókè, òun náà ló sì ń fi ọ̀pá kan ti egungun òrùlé sẹ́yìn.

Ẹ rí i pé apá méjèèjì kò mọ ohun tí ìkejì ń ṣe. Kò sí irin kan tó so jíà òsì mọ́ jíà ọ̀tún. Mọ́tò tó wà láàárín nìkan ló ń mú wọn rìn pọ̀. Tí wáyà apá kan bá yọ, apá kejì yóò máa lọ ní tirẹ̀ láìbìkítà, yóò sì máa lọ́ òrùlé náà bí ẹni ń fún aṣọ. Gbogbo ìkìlọ̀ tí mo máa ṣe nísàlẹ̀, ibí yìí ni wọ́n ti wá.

Nígbà tí ohun gbogbo bá wà bó ṣe yẹ, bí ìṣẹ́jú àáyá 12 ni òrùlé yìí fi ń ṣí.

Àwọn ohun tí ọkọ̀ fẹ́ kí ẹ ṣe kí ó tó gbà

Ọkọ̀ yìí kò ní jẹ́ kí mọ́tò yí àfi tí àwọn nǹkan kan bá ti wà ní ipò wọn. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò ní tẹ̀léǹtẹ̀lé báyìí, ẹ má fo ọ̀kankan.

Ẹ kọ́kọ́ tan ẹ́ńjìnnì. Lóòótọ́, kọ́kọ́rọ́ tí ẹ bá ṣí sí ipò iná náà tó, ṣùgbọ́n mọ́tò òrùlé máa ń jẹ iná púpọ̀, bátìrì tó bá sì ti rẹ̀ kò ní lè gbé e dópin. Tí ẹ bá ní mítà, ẹ fi wọn bátìrì kí ẹ tó tan ọkọ̀: fóòtì 12.6 túmọ̀ sí pé ó kún. Tí ó bá ti wá sí 12.2, ó ti tó ìdajì. Ọ̀pọ̀ òrùlé tó ń dúró ní agbede méjì, bátìrì ló fà á.

Ẹ fa háńdìbíréèkì sókè dáadáa. Ẹ wá wo dáṣíbọ́ọ̀dù: ṣé iná pupa háńdìbíréèkì tàn? Tí kò bá tàn, ẹ ti rí àrùn náà nìyẹn. Súwìṣì kékeré kan wà ní ìdí ọwọ́ háńdìbíréèkì, òun ló ń sọ fún ọkọ̀ pé ọkọ̀ ti dúró. Eruku tàbí kọfí tó dà sí àárín ìjókòó lè dí i. Nígbà mìíràn, wáyà rẹ̀ ló kàn yọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìkọ́ tó wà lókè gíláàsì iwájú, èyí tí a ń fi ọwọ́ fà. Ẹ ṣọ́ àwọn gíláàsì ilẹ̀kùn bí ẹ ṣe ń fà á. Gíláàsì méjèèjì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ fúnra wọn. Tí wọn kò bá sọ̀ kalẹ̀, súwìṣì tó wà nínú ìkọ́ yẹn kò mọ̀ pé ẹ ti ṣí i, ọkọ̀ sì gbà pé òrùlé ṣì wà ní títì. Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí bọ́tìnnì òrùlé tí yóò yí i lọ́kàn padà. Ẹ tú ike tó bo ìkọ́ náà, ẹ fi ọwọ́ tẹ súwìṣì kékeré inú rẹ̀. Tí gíláàsì bá sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, súwìṣì gbádùn, irin tó yẹ kó máa tẹ̀ ẹ́ ni kò débẹ̀ mọ́.

Fíúsì ló kàn. Ẹ wo káàdì tó wà lára ìdérí àpótí fíúsì kí ẹ lè mọ èyí tó jẹ́ ti òrùlé, ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Tí ó bá ti jó, ẹ fi èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá a mu sí i. Ẹ má ṣe fi èyí tó tóbi jù ú lọ sí i láé. Tí tuntun náà bá tún jó lójú ẹsẹ̀, ohun kan ti há tàbí wáyà kan ti kan ara ọkọ̀. Ẹ dúró, ẹ wá a.

Àwọn kan máa ń so wáyà súwìṣì háńdìbíréèkì pọ̀ kí òrùlé lè máa ṣí bí ọkọ̀ ṣe ń rìn. Mi ò fara mọ́ ọn. Bí ìdérí ẹ̀yìn bá wà lókè, atẹ́gùn ń wọ abẹ́ rẹ̀, ọ̀pá rọ́bà tí a máa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ láìpẹ́ ló sì ń gba gbogbo wàhálà náà sára. Tí ẹ bá ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí òrùlé sì ń ṣiṣẹ́ láìfa háńdìbíréèkì, ẹ wá ibi tí wọ́n ti so ó, ẹ tú u.

Ẹ fi etí wá a

Tí gbogbo èyí bá pé tí òrùlé sì kọ̀, ẹ pa rédíò, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì, kí ẹ̀yin dúró lẹ́yìn ọkọ̀. Ohùn tí ẹ bá gbọ́ ni yóò sọ ibi tí ẹ máa lọ.

Tí kò bá sí ohùn kankan rárá, àṣẹ kò dé ọ̀dọ̀ rìlé, ìyẹn súwìṣì oníná tó ń gbé iná fún mọ́tò. Ẹ padà sí àwọn súwìṣì òkè yẹn, ẹ sì yẹ bọ́tìnnì fúnra rẹ̀ wò.

Tí ẹ bá gbọ́ kẹ́, tí kò sí nǹkan mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, rìlé ti gba àṣẹ ṣùgbọ́n iná kò dé mọ́tò, tàbí kó jẹ́ pé ó dé, mọ́tò ni kò lè yí. Rìlé òrùlé yìí jẹ́ méjì nínú ẹyọ kan: apá kan fún ṣíṣí, apá kan fún pípadé. Ìyẹn ni òrùlé kan fi lè ṣí wẹ́rẹ́ kó má sì padé mọ́. Nínú rìlé tó ti pẹ́, lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń sán, ojú rẹ̀ sì máa ń dúdú. Rewáyà tó mọṣẹ́ lè tún un jó. Kí ẹ tó dá rìlé lẹ́bi, ẹ fi mítà wọn wáyà méjì tó wọ mọ́tò nígbà tí ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì: tí fóòtì 12 bá débẹ̀ tí mọ́tò kò yí, ìgbà yẹn gan-an ni ẹ tó lè sọ pé mọ́tò ti kú.

Tí mọ́tò bá ń kùn, tí ohunkóhun kò sì lọ, wáyà yíyí ti yọ. Tí ìdérí ẹ̀yìn bá gbéra ṣùgbọ́n tí aṣọ òrùlé jókòó síbẹ̀, ọ̀pá tó ń tì í ti já lórí.

Tí apá kan bá sì ń gòkè tí ìkejì dúró, ẹ jù bọ́tìnnì sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan sí i láti wò ó bóyá yóò bá a. Kò ní bá a. Ìdérí yóò tẹ̀, egungun òrùlé yóò lọ́, ohun tí ìbá jẹ́ iṣẹ́ ọ̀sán kan yóò di ọ̀rọ̀ rírà egungun òrùlé tòkunbọ̀.

Láti ṣí ìdérí ẹ̀yìn kí ẹ lè ríbẹ̀

Iṣẹ́ ẹni méjì ni. Ẹ tú ìkọ́ iwájú, ẹ tẹ bọ́tìnnì títí ìdérí ẹ̀yìn yóò fi gòkè tó ibi tí ọwọ́ yín lè wọ̀ ọ́, ẹ wá dúró. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò nínú ọkọ̀ kí ẹ fi í sápò. Àwọn egungun òrùlé yìí lè gé ọmọ ìka, ọmọdé tó bá sì wà ní ìjókòó iwájú lè tẹ bọ́tìnnì nígbà tí ọwọ́ yín wà nínú. Tí mọ́tò kò bá yí rárá, ẹ ó ní láti fi ọwọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti inú ọkọ̀, lẹ́yìn ìjókòó.

Ní apá kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí ọ̀pá kan tí orí rẹ̀ jẹ́ rọ́bà líle, tó mu bọ́ọ̀lù irin kan. Ẹ ti ẹnu sukudiráfà pẹlẹbẹ sáàárín rọ́bà àti bọ́ọ̀lù náà, ẹ yí i díẹ̀. Yóò fò jáde. Tí ti apá méjèèjì bá ti jáde, tí ẹ sì ti tú okùn tó fa aṣọ òrùlé mọ́ ìdérí, ẹ lè gbé ìdérí náà sẹ́yìn pátápátá.

Ẹ mú orí rọ́bà yẹn sójú ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wò ó dáadáa. Tí ó bá gbádùn, etí rẹ̀ yí po láìlábùkù, yóò sì ró tó tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ padà sórí bọ́ọ̀lù. Tí ó bá ti ṣá, ẹ ó rí ìlà tín-ín-rín funfun kan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tàbí kí etí kan ti kán. Irú èyí lè mu bọ́ọ̀lù lójú yín kó sì tún yọ ní ìgbà tí òrùlé bá wúwo sí i lágbede méjì. Ẹ pààrọ̀ ti òsì àti ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n jọ lò. Àwọn kan ń ta onírin. Ní tèmi, rọ́bà ni mo yàn: rọ́bà ni yóò kán kí irin tó ṣe pàtàkì tó tẹ̀, owó rẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí ti egungun òrùlé.

Wáyà yíyí

Ẹ tú wáyà náà kúrò lára mọ́tò àti lára jíà, ẹ fà á jáde nínú awọ rẹ̀. Ibi tí ẹ máa wò ni orí rẹ̀ méjèèjì, níbi tó ti ní igun mẹ́rin. Igun yẹn ló ń wọ ojú ihò jíà láti yí i. Tí igun náà bá ti di róbótó, tàbí tí okùn irin rẹ̀ ti ń tú bí ẹnu ìgbálẹ̀, yóò máa yọ̀ nígbà tí ẹrù bá wúwo: òrùlé yóò lọ dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò sì kọ̀ níbi tí iṣẹ́ ti le. Àìsàn kejì ni pé wáyà náà kò wọlé tó mọ́, nítorí gígùn òun àti awọ rẹ̀ kò bá ara wọn mu bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ wọn iye tó yọ lẹ́nu awọ ní òsì kí ẹ sì fi wé ti ọ̀tún. Tí ọ̀kan bá kúrú, ẹ ti rí i. Tuntun ni kí ẹ rà. Mi ò gbà yín nímọ̀ràn láti fi sódà so ó.

Ẹ pa gírísì díẹ̀ sí wáyà kí ẹ tó dá a padà. Díẹ̀ ni mo wí. Èyí tó bá pọ̀ jù yóò rìn wọ inú mọ́tò.

Ibi tí àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn ti sábà máa ń ba nǹkan jẹ́ ni ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ dá gbogbo rẹ̀ padà. Kí ẹ tó so wáyà méjèèjì mọ́ mọ́tò, jíà òsì àti ti ọ̀tún gbọ́dọ̀ wà ní ipò kan náà gẹ́lẹ́. Ẹ wo apá irin tó yọ lára jíà kọ̀ọ̀kan. Tí ọ̀kan bá ti lọ síwájú, ẹ fi ọwọ́ yí wáyà ti èyí tó wà lẹ́yìn, tàbí kí ẹ fi í sẹ́nu ẹ̀rọ ìlu ihò tí ẹ ó máa yí jẹ́jẹ́, títí àwọn méjèèjì yóò fi dọ́gba. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ojú dá a. Lẹ́yìn náà, láì tíì so ọ̀pá rọ́bà mọ́ òrùlé, ẹ tẹ bọ́tìnnì kí mọ́tò lọ kó sì bọ̀ ní òfìfo. Tí òsì àti ọ̀tún bá jọ gbéra tí wọ́n sì jọ dúró, ẹ so ọ̀pá padà.

Aṣọ àti fèrèsé ẹ̀yìn

Okùn rọ́bà tó ń nà wà lábẹ́ aṣọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Iṣẹ́ wọn ni láti fa aṣọ wọlé bí òrùlé ṣe ń ká, kí egungun má bàa gé e. Tí wọ́n bá ti lọ̀ tàbí já, ẹ kò ní mọ̀ títí ẹ ó fi rí i pé aṣọ ti ya lókè etí gíláàsì. Ẹ wò wọ́n nígbàkígbà tí ẹ bá ti ṣí ìdérí; pípààrọ̀ wọn kò wọ́nwó.

Àwọn 986 tó jáde kí ti ọdún 2003 tó dé ní fèrèsé ẹ̀yìn oní-rọ́bà. Láti ti 2003 ni wọ́n ti fi gíláàsì sí i. Tí tiyín bá jẹ́ rọ́bà, ẹ má fi bọ́tìnnì ká a tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ dá a dúró ní agbede méjì, ẹ jáde, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tẹ àárín fèrèsé náà wọlé kó lè ká síbi tó yẹ, kí ẹ tó parí rẹ̀. Tí òtútù bá mú, bó ṣe máa ń mú ní London tàbí Chicago, ẹ má ṣí i rárá. Rọ́bà tútù máa ń fọ́ ni, kì í tẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ sí oòrùn tàbí kí ẹ fi hítà inú ọkọ̀ mú un lọ́wọ́ọ́rọ́ ná.

Òjò ti ṣú, òrùlé kò sì padé

Ẹ wá ẹnì kejì. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹ tú orí rọ́bà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kúrò lórí bọ́ọ̀lù bí mo ṣe júwe rẹ̀, kí òrùlé lè bọ́ lọ́wọ́ mọ́tò. Ẹ gbé ìdérí sókè, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan di ẹ̀gbẹ́ kan egungun òrùlé mú, kí ẹ jọ fà á síwájú ní ìwọ̀n kan náà, ẹ ti ìkọ́ pa, ẹ sì rọra gbé ìdérí padà sílẹ̀. Tí ó bá ń kọ́ yín lọ́wọ́, ẹ wò ó kí ẹ tó fi agbára kún un. Aṣọ ló sábà máa ń há sáàárín egungun. Ẹ má tẹ bọ́tìnnì òrùlé mọ́ títí ẹ ó fi tún un ṣe.

Omi tó ń pa ọkọ̀ náà láìjẹ́ pé ẹ mọ̀

Nínú ọ̀gbun tí òrùlé ń ká sí, ihò kan wà ní igun kọ̀ọ̀kan, òsì àti ọ̀tún, tí omi òjò ń gbà jáde sábẹ́ ọkọ̀. Ewé máa ń dí i. Ẹni tó ń páàkì sábẹ́ igi, yálà igi máńgòrò ní Ìbàdàn tàbí igi tó ń wọ́wé ní Peckham, ó yẹ kó máa yẹ ihò yìí wò lóòrèkóòrè. Ẹ fi ọwọ́ ṣa ewé àti ẹrẹ̀ jáde, ẹ da omi ife kan síbẹ̀, ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá ó ń kán sílẹ̀. Ẹ má fi atẹ́gùn fúlukanáísà fẹ́ ẹ, ẹ má sì fi wáyà gígùn gún un: ọ̀pá omi tó wà nísàlẹ̀ lè yọ, omi náà yóò wá máa dà sínú ọkọ̀.

Tí omi kò bá rí ọ̀nà jáde, inú ọkọ̀ ló ń bọ̀, ilẹ̀ abẹ́ ìjókòó ló sì ń dúró sí. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n gbé kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ kọ́kọ́rọ́ àti alámù sí. Nítorí náà, tí òrùlé bá dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà tí rìmóòtù kò ṣí ilẹ̀kùn mọ́, tàbí tí ọkọ̀ kọ̀ láti tan lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ fi ọwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì lábẹ́ ìjókòó kí ẹ tó kan ohunkóhun mìíràn. Tí ó bá tutù, ẹ tú bátìrì, ẹ yọ ìjókòó, ẹ yọ kọ̀ǹpútà náà, ẹ ṣí páálí rẹ̀. Ẹ ó rí ibi tí omi ti hu àwọ̀ ewé lára bàbà. Ẹ rọra nù ún pẹ̀lú òògùn tí wọ́n ń fi nu ẹ̀rọ iná, ẹ jẹ́ kó gbẹ kanlẹ̀, ẹ sì gbẹ kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, kí ẹ tó dá a padà kí ẹ tan ọkọ̀. Tí kò bá dáhùn lẹ́yìn èyí, ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ń tún bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ ṣe, ẹ má jẹ́ kó sọnù. Òun ló mọ nọ́ńbà àwọn kọ́kọ́rọ́ yín, tuntun tí ẹ bá sì rà kò ní mọ̀ wọ́n títí wọn yóò fi kọ́ ọ.